Ẹ Bi Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì: Tábúlẹ́ẹ̀tì Tí Wọ́n Ń Tì Sábẹ́, Ṣé Ó Ń Dènà Oyún Lóòótọ́?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ ránṣẹ́ lóṣù yìí pọ̀ gan-an ni, àmọ́ mẹ́rin wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ, ìyẹn oògùn tí obìnrin ń fi sójú ara kó lè pa àtọ̀ kí oyún má bàa dúró, èyí tí òyìnbó ń pè ní spermicide. Mo ní kí n fi gbogbo ojú ìwé yìí dá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lóhùn, torí ohun tí mo kà nínú méjì níbẹ̀ ò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tí mo kà á.

ÌBÉÈRÈ: Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Sábó n'Ifẹ̀ ni mò ń gbé, òkìrìkà ni mò ń tà. Ọmọ mẹ́rin ni mo ní, àbíkẹ́yìn mi ti pé ọdún kan ààbọ̀. Mo gba abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì, ṣe ni ẹ̀jẹ̀ ń kán lára mi ṣáá, ó sú mi mo pa á tì. Ẹnì kan tó ń ta oògùn wá fún mi ní tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tì sábẹ́, ó ní kò sí wàhálà kankan lára ẹ̀, kí n ṣáà ti tì í kí ọkọ mi tó sún mọ́ mi. Ohun tí mò ń ṣe ni pé tí ọkọ mi bá ti ń múra màá sáré tì í, tá a bá parí màá dìde lọ fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ abẹ́ dáadáa kí gbogbo ẹ̀ lè jáde. Ọ̀rẹ́ mi kan lóun lo irú ẹ̀ òun sì lóyún. Ẹ̀rù ti wá ń bà mí. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́? (Ìyá Ìbejì, Sábó)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé gan-an tẹ́ ẹ kọ̀wé. Ọ̀rẹ́ yín ò parọ́, ẹni tó ta oògùn fún yín náà ò parọ́, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó sọ fún yín ló gbé mì. Oògùn yẹn ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń lò ó yìí, ẹ ò fún un láyè kó ṣiṣẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń ṣe nínú ara fún yín. Kẹ́míkà tó wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ń jẹ́ nonoxynol-9, ẹ máa rí i lára páálí, ìgbà míì wọ́n á kàn kọ N-9. Ẹ mọ bí ọṣẹ ṣe máa ń ṣe epo pupa tó lẹ̀ mọ́ ìkòkò, tó máa tú u débi pé epo ò ní lè dì mọ́ nǹkankan mọ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni N-9 ń ṣe àtọ̀. Awọ fẹ́lẹ́ kan ló bo kóró àtọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀rá wà nínú awọ yẹn, tí N-9 bá ti kàn án awọ á fọ́, àtọ̀ ò ní lè rìn mọ́. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kàn án kó tó lè pa á o. Tábúlẹ́ẹ̀tì tó ṣì le koko bí òkúta ò lè kan nǹkankan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ́, kó hó, kó wá tàn ká ẹnu ilé ọmọ, ìyẹn sì máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 10 sí 15. Tẹ́ ẹ bá tì í tí bàbá wọn sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí oògùn tó yọ́ tán àtọ̀ ti kọjá. Kì í pẹ́ rárá, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àwọn kan nínú ẹ̀ ti máa ń gba ẹnu ilé ọmọ wọlé, tó bá sì ti wọbẹ̀, oògùn abẹ́ ò lè lé e bá mọ́.

Bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ ṣe é rèé. Kẹ́ ẹ tó rà á rárá, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ẹ̀, kẹ́ ẹ wo ọjọ́ tó máa ẹ̀spáyà, tí iná ò bá sí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín wò ó. Nílé, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́, ẹ dùbúlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ lóṣòó, ẹ wá fi ìka tì í wọlé débi tí ìka bá lè dé, torí ẹnu ilé ọmọ ló ń lọ ṣọ́, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ìta. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dúró. Ẹ wo aago o, ẹ má fọkàn ṣírò ẹ̀, torí nírú àsìkò yẹn ìṣẹ́jú mẹ́ta máa ń jọ ogún. Àmọ́ kó má ju wákàtí kan lọ kẹ́ ẹ tó pàdé, tí wákàtí kan bá ti kọjá (bóyá ọmọ jí, ẹ lọ rẹ̀ ẹ́, ẹ padà wá), òmíì lẹ máa tì. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lẹ fẹ́ ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òmíì náà ni fún ìkejì, èyí àkọ́kọ́ ti parí iṣẹ́ tiẹ̀.

Gbogbo wọn ò rí bákan náà ṣá o. Fóòmù tí wọ́n ń fi nǹkan bíi sírínjì fún wọlé ti hó tán kó tó débẹ̀, ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ dúró. Èyí tó rí pẹlẹbẹ bíi láílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́, ọwọ́ gbígbẹ lẹ fi ń mú u, torí tọ́wọ́ bá tutù ọwọ́ yín ló máa lẹ̀ mọ́, kò ní débi tó ń lọ, ìyẹn náà sì gbọ́dọ̀ yọ́. Ìwé kékeré inú páálí lẹ máa tẹ̀lé, kẹ́ ẹ ní kí ẹni tó tà á kà á sí yín létí kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ má sì tọ́jú ẹ̀ síbi tí oòrùn ń pa tàbí ibi tó tutù rin, pàápàá ní ṣọ́ọ̀bù onípáànù, àwọn mìíràn máa ń yọ́ nínú ooru kí wọ́n tó délé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ omi iyọ̀, ibẹ̀ gan-an ló dùn mí jù, torí kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ ń ṣe é. Lẹ́yìn ìgbà tẹ́ ẹ bá pàdé, oògùn yẹn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ o, ó ṣì ń pa àwọn àtọ̀ tó kù lábẹ́. Tẹ́ ẹ bá wá bu omi sí i, oògùn lẹ fọ̀ dànù, àtọ̀ tó ti wọnú ilé ọmọ ò mọ̀ pé ẹ ń fọ nǹkankan. Ó kéré tán, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 6. Ìta abẹ́ lẹ lè fi omi tútù fọ̀ tára bá ń ni yín. Ẹ lè tọ̀ dáadáa, ẹ tiẹ̀ yẹ kẹ́ ẹ tọ̀, torí ihò tí ìtọ̀ ń gbà jáde yàtọ̀ sí ojú ara, ìtọ̀ ò lè fọ oògùn kúrò. Àwọn tó tún ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sábẹ́, tàbí tó ń mu ọtí líle pẹ̀lú kánún kí oyún má bàa dúró, ẹ dákun, mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń bó awọ inú obìnrin, mo ti rí i, ojú mi ló ṣe.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan tí mi ò sọ ní gbangba rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di nọ́ọ̀sì, obìnrin kan wá sọ́dọ̀ mi níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ọmọ márùn-ún ló ní, mo ka tábúlẹ́ẹ̀tì yìí lé e lọ́wọ́, mo kọ ọ́ sínú káàdì ẹ̀, mo ní "ẹ tì í kẹ́ ẹ tó sùn mọ́kọ yín". Èrò pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò sọ fún un pé kó dúró, mi ò sọ pé kó má fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ó padà wá, oyún ti ń hàn. Kò pariwo, ó kàn wò mí, ó ní "Nọ́ọ̀sì, bẹ́ ẹ ṣe ní kí n lò ó ni mo ṣe lò ó." Òótọ́ ló sọ. Látọjọ́ yẹn mi ò tún fún ẹnikẹ́ni lóògùn abẹ́ kí n má jókòó tì í ṣàlàyé tìṣẹ́jú-tìṣẹ́jú, bí èrò tiẹ̀ kún dé gbàgede.

Ìyá Ìbejì, àní tẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo ẹ̀ bó ṣe yẹ, oògùn yìí nìkan ò lágbára tó. Nínú 100 obìnrin tó bá fi òun nìkan ṣe fètò-sọ́mọ-bíbí fún ọdún kan, bí 21 ló ń lóyún, àwọn tí kò sì ṣàṣìṣe rárá, bí 16 náà. Kọ́ńdọ̀mù ọkùnrin, bí 13 ni, tí wọ́n bá sì ń lò ó dáadáa nígbà gbogbo 2 péré. Èyí tí wọ́n ń tì sábẹ́ awọ apá, kò tó ẹyọ kan nínú 100. Mi ò sọ ọ́ kí n lè dẹ́rù bà yín, torí tẹ́ẹ̀yàn ò bá lo nǹkankan rárá, 85 nínú 100 ló máa lóyún, nítorí náà oògùn yín sàn jù òfo lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti bímọ mẹ́rin tí ò fẹ́ mọ́, tó ń dá ọjà ṣe, kò yẹ kó fi gbogbo ara tì í. Ẹ fi kọ́ńdọ̀mù kún un, àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ẹ má fi òrí tàbí fasilíìnì pa kọ́ńdọ̀mù lára, ọ̀rá ń jẹ rọ́bà. Tàbí kẹ́ ẹ lọ béèrè lúùpù oníkọ́pà, ìyẹn nǹkan kékeré tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, kò sí hòmóònù nínú ẹ̀ bíi ti abẹ́rẹ́ tó dà yín láàmú, ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún 10, ohun tó kàn lè ṣe ni pé nǹkan oṣù lè pọ̀ díẹ̀ láwọn oṣù àkọ́kọ́. Láti ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí wọ́n máa fi àwọn nǹkan fètò-sọ́mọ-bíbí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba, bí wọ́n bá tiẹ̀ gba owó ìbọ̀wọ́ àti òwú lọ́wọ́ yín. Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tó sún mọ́ yín tó, kò dandan kẹ́ ẹ rìn dé ilé ìwòsàn ńlá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ yunifásítì ni mí n'Ifẹ̀, ọmọ ọdún 21. Bọ̀ìfúrẹ́ǹdì mi ò fẹ́ràn kọ́ńdọ̀mù. Ó ra jẹ́ẹ̀lì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní ó ń pa àtọ̀ ó tún ń pa kòkòrò àrùn títí kan HIV, pé a ò nílò rọ́bà mọ́. Tí mo bá lọ kí i ní wíkẹ́ńdì, ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ẹ̀ẹ̀márùn-ún, gbogbo ẹ̀ la sì ń lò ó. Abẹ́ ti ń ta mí báyìí, tí mo bá ń tọ̀ ó máa ń gbóná. A ò ṣe tẹ́ẹ̀sì HIV rí, èmi àti òun. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú sí mi. (Ọmọ yín)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, kí ni màá bínú sí? Inú mi dùn pé o béèrè. Àmọ́ jọ̀ọ́, má tì í mọ́, láti òní lọ.

Ohun tí ọ̀rẹ́kùnrin ẹ sọ yẹn, kì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀, àwọn dókítà ńláńlá náà rò ó bẹ́ẹ̀ nígbà kan, torí pé tí wọ́n bá da N-9 sórí kòkòrò HIV nínú ìgò ó ń pa á. Ni wọ́n bá lọ dán an wò lára èèyàn, lára àwọn obìnrin tó ń ṣòwò ara ní Benin tó múlé tì wá yìí, ní Côte d'Ivoire, South Africa àti Thailand. Lọ́dún 2000 ní ìpàdé àgbáyé lórí éèdì tí wọ́n ṣe ní Durban ni wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, ó sì ba gbogbo èèyàn lọ́kàn jẹ́: àwọn tó lo jẹ́ẹ̀lì tó ní N-9 ló tún kó HIV ju àwọn tó lo jẹ́ẹ̀lì tí kò ní in lọ. Rántí ọ̀rọ̀ ọṣẹ àti epo tí mo sọ fún Ìyá Ìbejì lókè. Ọṣẹ ò mọ̀yàtọ̀ awọ àtọ̀ sí awọ inú ara tìẹ. Tó o bá ń lò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ mélòó kan, ara lè rí àyè tún ara ẹ̀ ṣe, àmọ́ ẹ̀ẹ̀márùn-ún ní wíkẹ́ńdì kan, ṣe lò ń bó inú ara ẹ, ojú egbò tí o ò lè rí sì ni HIV ń wá kiri. Láti ìgbà yẹn ni àjọ ìlera àgbáyé ti sọ pé obìnrin tí ewu HIV bá wà nítòsí ẹ̀ kò gbọdọ̀ lo N-9, ẹni tó ti ní HIV lára pàápàá kó yẹra fún un. Lọ́dún 2007 ìjọba Amẹ́ríkà ní dandan ni kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára páálí ẹ̀ pé kò dènà HIV àti àrùn ìbálòpọ̀. Tó bá jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti rà á, bóyá ìkìlọ̀ yẹn tiẹ̀ wà lára ẹ̀, kò kàn kà á ni.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe lọ́sẹ̀ yìí: lọ sílé ìwòsàn, sọ pé ìtọ̀ ẹ ń gbóná, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, torí téèyàn bá ń lo oògùn yìí púpọ̀, ó máa ń fa kí kòkòrò wọ ojú ọ̀nà ìtọ̀, oògùn tó máa wò ó wà, àmọ́ ó lè jẹ́ àrùn ìbálòpọ̀ náà, ìdí nìyẹn tí o ò fi gbọdọ̀ lọ ra agbógunti-kòkòrò jẹ fúnra ẹ. Kí ìwọ àti òun ṣe tẹ́ẹ̀sì HIV, kẹ́ ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Tí kò bá tíì pé ọjọ́ 5 tẹ́ ẹ pàdé kẹ́yìn tó o sì ń bẹ̀rù oyún, oògùn pàjáwìrì wà, bó o bá ṣe tètè lò ó tó ló ṣe máa ṣiṣẹ́ tó, má jẹ́ kó di ọ̀la. Tó o bá sì mọ̀ pé ó ní HIV tàbí ọkàn ẹ ò balẹ̀ rárá, wákàtí 72 péré lẹ́yìn tẹ́ ẹ pàdé lo ní láti bẹ̀rẹ̀ oògùn tí wọ́n fi ń dènà ẹ̀, sáré lọ.

Kọ́ńdọ̀mù ńkọ́? Èyí tí kò ní N-9 lára ni kẹ́ ẹ máa lò, gbogbo ìgbà. Tí kò bá gbà, ọmọ mi, ara ẹ ni, kì í ṣe ara ẹ̀. Mo ti dá irú ọ̀rọ̀ yìí sọ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tó jókòó sójú mi tí wọ́n ń sunkún, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kábàámọ̀ pé òun sọ pé rárá.

ÌBÉÈRÈ: Mọ̀mí, mẹkáníìkì ni mí n'Iléṣà. Ìyàwó mi ń lo oògùn abẹ́ tó máa ń hó. Lẹ́yìn tá a bá ṣe tán nǹkan ọmọkùnrin mi máa ń ta mí, ó máa ń pọ́n. Ṣé kì í ṣe pé ó kó àrùn wá bá mi báyìí? (Bàbá Dọlápọ̀)

ÌDÁHÙN: Bàbá Dọlápọ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ìyàwó yín lọ́rùn sílẹ̀. Oògùn yẹn fúnra ẹ̀ ló máa ń ta lára àwọn kan, ọkùnrin àtobìnrin, mo dẹ̀ rò pé ara tiẹ̀ náà ń ta á tí kò sọ fún yín. Ẹ dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lo kọ́ńdọ̀mù, ẹ wò ó bóyá ó máa lọ. Tó bá lọ, oògùn ni, ẹ yí i padà sí oríṣi mìíràn tàbí ọ̀nà mìíràn. Tí kò bá lọ, tàbí tẹ́ ẹ bá rí egbò, tàbí nǹkan ń dà jáde níbẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jọ lọ ṣàyẹ̀wò, kì í ṣe òun nìkan.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá wa. Ìjẹ̀ṣà ni mí, Iléṣà níbí ni mò ń gbé. Mo ti ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì abẹ́ láti ọdún tó kọjá. Nǹkan oṣù mi ò wá, mo rò pé ó kàn pẹ́ ni, mo ṣì ń tì í. Ìjọ́ kan mo ṣe tẹ́ẹ̀sì, oyún ti lé lóṣù mẹ́ta. Ìyá ọkọ mi ní kẹ́míkà tí mò ń tì yẹn ti ba ọmọ jẹ́, pé mo máa bí aláàbọ̀ ara. Ẹnì kan tún ní kí n lọ yọ ọ́. Mi ò lè jẹun mọ́. (Abiyamọ tí ẹ̀rù ń bà)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, jókòó, mu omi díẹ̀ kó o tó ka ìyókù.

Ọmọ inú ẹ kò bàjẹ́ nítorí oògùn yẹn. Wọ́n ti wádìí ẹ̀ dáadáa lára àwọn obìnrin tó lóyún nígbà tí wọ́n ń lò ó, àti àwọn tó ń lò ó lọ láìmọ̀ pé oyún ti wà bíi tìẹ, N-9 kì í fa àbùkù ara fún ọmọ. Ìyá ọkọ ẹ ò sọ ọ́ pẹ̀lú ibi lọ́kàn, ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ fi ojú ìwé yìí hàn án. Ọ̀rọ̀ pé kó o lọ yọ ọ́ nítorí oògùn abẹ́, kò sídìí ẹ̀ rárá, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ẹ wọ yàrá kọ̀rọ̀ kankan, ibẹ̀ la ti ń pàdánù àwọn ìyá ọlọ́mọ.

Dá tábúlẹ́ẹ̀tì dúró, kò níṣẹ́ mọ́. Lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí gan-an, ilé ìwòsàn Wesley Guild ni o, hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà àdúgbò ni o, èyí tó bá yá. Wọ́n máa fún ẹ ní fólíìkì ásíìdì àti oògùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ wò, sọ fún wọn pé o lo oògùn abẹ́ àti ìgbà tó o dá a dúró, má fi nǹkankan pamọ́. Lẹ́yìn tó o bá bí i, tó bá jẹ́ ọmú nìkan lò ń fún un, lọ́sàn-án lóru, tí nǹkan oṣù ò tíì padà, tí ọmọ ò sì tíì pé oṣù 6, ọmú yẹn fúnra ẹ̀ ń dènà oyún dáadáa. Kó tó di pé oṣù mẹ́fà yẹn pé ni kó o ti lọ bá wọn fún ọ̀nà tó lágbára ju tábúlẹ́ẹ̀tì yìí lọ, kódà wọ́n lè fi lúùpù sí i fún ẹ lẹ́yìn ìbímọ tó o bá béèrè ṣáájú.

Tó o bá bí i, kọ̀wé sí mi. Mo fẹ́ mọ orúkọ tẹ́ ẹ sọ ọ́.